Ǹjẹ́ ìbòòrùn awò awọ̀nàjíjìn James Webb lè pẹ́ láì bàjẹ́?

Ní tèmi, ìbòòrùn yẹn, ìyẹn aṣọ tó ń dáàbò bo awò náà lọ́wọ́ ooru oòrùn ní òfuurufú, kọ́ ni yóò kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Ìpele Kapton (ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fara da ooru) márùn-ún tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò ni. Èyí tó kọjú sí oòrùn nípọn tó 0.05 mílímítà, àwọn yòókù sì jẹ́ ìdajì rẹ̀, àlàfo àárín wọn sì ni ooru ń gbà jáde sínú òfuurufú láìlo mọ́tò kankan. Ìtànṣán oòrùn àti gbígbóná-tutù léraléra ló sábà ń ba irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbé Hubble, awò awọ̀nàjíjìn mìíràn, lọ sí òfuurufú ní 1990. Nígbà tó fi máa di 1997, àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú rí i pé Teflon (oríṣi ike kan) tó wà lójú ìta aṣọ tí wọ́n fi bò ó ti ń ya, ó sì ti ń ká kúrò. Ṣùgbọ́n Hubble a máa wọ inú òjìji ayé, a sì tún jáde, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀, nígbà tí Webb wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kìlómítà sí wa, níbi tí oòrùn kì í ti í wọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ yóò máa lù ú, kò sì sí ẹni tó lè lọ tún un ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi ìlà ìsopọ̀ pín ìpele kọ̀ọ̀kan sí abala kéékèèké, kí ihò kan má baà ya jìnnà.