Ẹ Bi Wá: Ààfin Orí Òkè Ìdànrè àti Oòrùn Ìrọ̀lẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwa mẹ́fà kan fẹ́ gun Òkè Ìdànrè níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ká dúró sí ààfin àtijọ́ tó wà lókè wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Aago mélòó ló yẹ ká kúrò ní Iléṣà? Ṣé a sì lè sùn sílé lọ́jọ́ náà? – Ọ̀dọ́ kan, Ìjọ̀kà, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lóòjọ́ bí ẹ kò bá ní dúró de oòrùn. Bí ẹ bá máa dúró dè é, Àkúrẹ́ ni kí ẹ sùn sí. Àwòrán oòrùn kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ rin ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà lóru.

Ti ààfin gan-an ni ká kọ́kọ́ yanjú. Ibi tí ìlú àtijọ́ náà wà, àwọn àpáta tó ga jù ú lọ ló yí i ká. Oòrùn á ti bọ́ sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn kí àkókò wíwọ̀ rẹ̀ tó pé, òjìji á sì ti bo àgbàlá ààfin. Ẹni tó bá wá jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló máa fi òkùnkùn sọ̀ kalẹ̀. Lágbègbè tiwa yìí, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú: bí oòrùn bá ti wọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ló kù kí ènìyàn má rí ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọ̀sán ni ti ààfin. Ẹ wo oòrùn nígbà tí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí 6:15, ìgbà náà ló sì yá jù lọ́dún. Nígbà Kérésìmesì ó ti di 6:30. Láàrin oṣù kejì, 6:50. Nínú oṣù keje, aago 7. Ẹ ka wákàtí yín sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ẹ kúrò ní Iléṣà láago 8 àárọ̀, ẹ gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Igbára-Òkè dé Àkúrẹ́, kí ẹ wọ mọ́tò Ìdànrè níbẹ̀. Ìrìn yẹn kò ju kìlómítà 20 àti díẹ̀ lọ. Ẹ má gùn ún lọ́sàn-án gangan, nítorí òkúta náà máa ń gba ooru, ó sì ń dá a padà sí yín lára. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láago 1:30, tí ẹ ń sinmi ní àwọn ibùsinmi tó wà lójú àtẹ̀gùn, ẹ fún un ní wákàtí kan. Ààfin, kọ́ọ̀tù àtijọ́, ilé ìwé, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn (wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ló ń bá a mu): wákàtí méjì tó. Aago 4:45, ẹ kọjú sí ìsàlẹ̀. Omi lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀ṣì kan fún ènìyàn méjì, ó kéré tán. Kí ẹ tó san owó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń tì í. Ètò tó bá kọjá aago yẹn, òfo ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo lọ lóṣù kìíní. Oòrùn pupa, ó sì pòórá lójú ọ̀run kó tó délẹ̀. Fóònù mi, funfun báláú ló yà. Kí ló fà á? – Arábìnrin kan, Mọ̀ọ̀rè, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ọyẹ́ ni. Ekuru tó ń ti aṣálẹ̀ wá máa ń nípọn jù nísàlẹ̀ ojú ọ̀run, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń rì sínú rẹ̀. Ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá la fara mọ́, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tí ọyẹ́ kò tíì dé.

Ní ti fóònù, ilẹ̀ tó dúdú ló ń wò, ó wá ń fi ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ ojú ọ̀run lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn lójú fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi dúró sójú kan, kí ẹ wá fà á wálẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé oòrùn kì í wọ̀ síbì kan náà. Kọ́ńpáàsì inú fóònù máa kà á sí nǹkan bí 246 lóṣù kejìlá, 270 lóṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, 294 lóṣù kẹfà. Àlàfo àpáta tí ọ̀rẹ́ yín ti ya tirẹ̀ lóṣù kẹfà lè jẹ́ pé òkè ló dí i fún yín lóṣù kejìlá. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ńpáàsì wo ibẹ̀ lọ́sàn-án. Láti mọ àkókò tó kù, ẹ na apá yín gbọọrọ, kí ẹ fi ìka dábùú sáàrin oòrùn àti ilẹ̀: ìka kan tó ìṣẹ́jú 7 tàbí 8. Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ o.

ÌBÉÈRÈ: Màmá mi ti lé ní 70, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì fẹ́ bá wa lọ. – Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa orúnkún ju gígùn lọ, kò sì sí ọkọ̀ tó ń gbéni dé òkè náà. Àwọn àpáta yẹn tóó wò láti inú ìlú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé èèwọ̀ kan wà lókè? Ṣé òótọ́ ni pé Ifẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ti wá? – Lágere, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìtàn wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ùfẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà tẹ́lẹ̀. Láti 2007 ló ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ẹ má fọwọ́ kan òpó tàbí ère inú ààfin, ẹ má sì wọ ojúbọ kankan láìbi afinimọ̀nà. Àwòrán náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Lákòókò òjò, ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára òkúta tútù máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbá òkúta mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sìlípáàsì. Bí ẹ bá gbọ́ àrá lókèèrè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ènìyàn ló ga jù lórí àpáta tí kò ní igi. Ẹ má sì fọ ọwọ́ tàbí abọ́ pẹ̀lú ọṣẹ nínú omi tó ń sun lára òkúta. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé Òkè Ìdànrè nìkan la ti mọ̀ ọ́n. Ó tó 50 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i kí wọ́n tó tún rí i ní 2013. Ara òkúta tútù yẹn gan-an ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà.