Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ibo ni Gold Spot Wọlẹ̀ Sí?

*Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìgò Gold Spot kan, ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn nì, ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń rà fún mi bí mo bá gba ipò kìíní. Mo ti wá a títí, n kò rí i mọ́. Ibo ló wọlẹ̀ sí? Kí ló sì dé tí àwọn ẹlẹ́rìndòdò ìsinsìnyí kì í ta sí mi lẹ́nu bíi ti àtijọ́?* (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ẹ kú ìrántí, ọ̀gá wa. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọmọ ilé wa ni Gold Spot, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ ilé ni a ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Íńdíà ni wọ́n ti bí i. Ilé iṣẹ́ Parle, tó gba orúkọ rẹ̀ lára àdúgbò Vile Parle ní ìlú Mumbai, ló ni òun àti ẹlẹ́rìndòdò mìíràn tó ń jẹ́ Limca. Ọjà wọn gbèrú gan-an níbẹ̀ lẹ́yìn tí Coca-Cola kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Íńdíà lọ́dún 1977, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè dín ìpín wọn kù. Lọ́dún 1993 tí Coca-Cola padà dé, ńṣe ló ra àwọn ẹlẹ́rìndòdò Gold Spot, Limca àti Thums Up lọ́wọ́ Parle. Ẹni tó sì ti ní Fanta nílé, kí ni yóò tún fi ọlọ́sàn mìíràn ṣe? Wọ́n rọra fa Gold Spot sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan Limca, tó jẹ́ ti ọsàn wẹ́wẹ́, tí àwọn ará Íńdíà ṣì ń mu títí di òní.

Ní ti pé kì í ta mọ́, ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi ru ọjọ́ orí yín. Inú ìgò gidi ni a ti ń mu ún nígbà náà, afẹ́fẹ́ tó ń mú un hó kì í sì í gba ara ìgò jáde. Ara ike ló máa ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí ọlọ́jà bá tò ó sójú oòrùn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ti fi èròjà adùn mìíràn rọ́pò apá kan nínú ṣúgà. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ ike náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún rántí pé, nígbà náà, ẹni tí kò bá mú ìgò òfìfo wá, tí kò sì lówó ìgò, ìdúró ni yóò ti mu tirẹ̀ tán níwájú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣígò tí wọ́n fi okùn so mọ́ fíríìjì. Ohun tí a bá mu báyẹn, tútù nini, kò lè ṣe kó má dùn ju èyí tí a gbé sínú mọ́tò lọ.

*Olóòtú, mo se bàbá dúdú fún àwọn ọmọ ọmọ mi, ó kọ̀, kò le. Ńṣe ló ń fà bí gọ́ọ̀mù. Kí ni mo ṣe tí kò dára?* (Ìyá àgbà kan, Àkúrẹ́)

Ìyá wa, ẹ tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Èmi náà ti bà á jẹ́ rí lọ́nà kan náà. Ó dára tí ẹ fi ń gbìyànjú, nítorí pé bàbá dúdú kò ní olówó kankan lókè òkun tó lè ní kí a má ṣe é mọ́.

Bí ẹ bá rin àgbọn yín, omi gbígbóná díẹ̀ ni kí ẹ fi fún wàrà rẹ̀. Bí omi bá pọ̀, yóò pẹ́ lórí iná, yóò sì sú yín. Ẹ da ṣúgà sí i, kí ẹ máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́. Yóò kọ́kọ́ hó, yóò ki, àdín àgbọn yóò sì máa yọ létí ìkòkò. Níbẹ̀ ni sùúrù ti ń tán nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ má sọ̀ ọ́ títí yóò fi dúdú, nítorí pé jíjó ṣúgà ló ń fún un láwọ̀; kò sí ẹni tó pa á láró. Ẹ kán an sínú omi tútù: bí ó bá tẹ̀ lábẹ́ ìka, kò tíì tó, bí ó bá ń dún kó lẹ́nu abọ́, ó ti jinná. Ẹ fi àdín náà pa ọwọ́, kí ẹ yí i ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí àwọn ọmọ sì jìnnà, nítorí pé ṣúgà gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ara ni.

Agolo tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ lásìkò òjò, yóò làágùn, yóò sì ti lẹ̀ pọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.