Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ̀bùn Kérésìmesì nínú ìgò, fún ẹni tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Tíṣà ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Tí Kérésìmesì bá ti dé, àwọn ará ilé wa, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ àti ìyá ọkọ mi ní Òṣogbo máa ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n owó ò sí lọ́dún yìí. Láti oṣù Kẹta ni mo ti ń kó ìgò kọfí àti ìgò jáàmù jọ. Mo fẹ́ fi ohun tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe kún inú wọn fún èèyàn méjìlá. Kí ni mo lè ṣe tí kò ní tètè bàjẹ́, tí kò sì ní jọ ohun yẹpẹrẹ lójú wọn? Ṣé ọbẹ̀ ata díndín dára? Báwo ni ti ìyá ọkọ mi ṣe máa dé Òṣogbo?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ọdún o, mà. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ti ní ìgò nílẹ̀, torí ìgò tuntun gan-an ló máa ń gbówó lọ jù nínú irú ẹ̀bùn báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọbẹ̀ ata, nítorí òun ló kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sínú ìgò fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé bí ata bá yan dáadáa, tí òróró léfòó, ó lè pẹ́ díẹ̀ nínú fìríìjì yín. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ẹlòmíì ni ẹ̀bùn máa ń jókòó sí, ẹ ò sì mọ bí iná wọn ṣe ń rí. Kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, inú erùpẹ̀ ló ń gbé, òun ló máa ń bá àlùbọ́sà, aáyù àti ata wọlé. Tí òróró bá bò ó mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lè pọ májèlé tí kò ní rùn, tí kò sì ní yí àwọ̀ ohun tó wà nínú ìgò padà. Ní 1985, ní ìlú Vancouver ní Kánádà, èèyàn 36 ni májèlé yìí dá gúnlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jẹ aáyù gígé tí wọ́n rẹ sínú òróró ní ilé oúnjẹ kan. Ohun tútù nínú òróró, ilé yín ni kí ẹ ti jẹ ẹ́.

Ohun gbígbẹ ni kí ẹ bá mi lọ. Ẹ̀pà, ṣínṣín àti ata gígún ni mo máa ń dábàá fún ẹni tó bá bi mí. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹyọ kan ni mo máa mú fún gbogbo èèyàn, mà á wá fi ata gígún ṣe ti ìyá ọkọ mi lọ́tọ̀. Ríra ọjà kan lọ́pọ̀, ká sì dá òróró sórí iná lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣẹ́kù.

Kí ẹ tó dá iná, ẹ tọ́jú àwọn ìgò náà. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ tò wọ́n sí i, ẹ da omi tútù bò wọ́n, kí ẹ wá jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ju ìgò tútù sínú omi gbígbóná, ó lè sán. Ẹ dojú wọn dé orí aṣọ mímọ́, lẹ́yìn náà ẹ sá wọn sóòrùn títí inú wọn yóò fi gbẹ pátápátá. Ìdérí ló máa ń yọ èèyàn lẹ́nu, torí òórùn kọfí kì í fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a fún ọjọ́ méjì. Èyí tó bá ti dípẹtà, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ̀pà ni kò wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì yá ní ṣíṣe. Ẹ jókòó ti ẹ̀pà tútù yín kí ẹ ṣà á dáadáa o. Èyí tó bá bu, tó rún, tàbí tó dúdú, kó má wọ ìkòkò. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀pà tó wá láti Brazil bọ́ wọn. Ìwádìí ikú àwọn ẹyẹ yẹn ló tú àṣírí májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bá ti bu. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ẹ̀pà sísun kò sì lè pa á tán. Nítorí náà, ọwọ́ àti ojú yín ni ààbò àwọn tí ẹ fẹ́ fún lẹ́bùn.

Ẹ rẹ ẹ̀pà náà sínú omi iyọ̀ gbígbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sá a títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ da gàrí gbígbẹ sínú ìkòkò, kó gbóná, kí ẹ da ẹ̀pà lé e, ẹ sì máa rò ó láìdúró. Gàrí yìí ló ń pín ooru kárí tí ẹ̀pà kò fi ní jó lápá kan. Tó bá ti ń ta pa, pa, pa, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ bọ́ ọ wò. Bí funfun inú rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pọ́n, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, torí ooru ara rẹ̀ ni yóò parí iṣẹ́ tó kù. Ẹ jọ gàrí kúrò, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ra èèpo rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ nù.

Tó bá jẹ́ ṣínṣín lẹ yàn, fùláwà kílò 1, ṣúgà àti bọ́tà gíráàmù 200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyin méjì, nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀ tí ẹ ha, àti iyọ̀ táṣẹ́rẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́ fùláwà títí yóò fi rí bíi gàrí tí a bu omi wọ́n. Mílíìkì tó bí ife kan ni ẹ máa fi pò ó, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà á, kí ẹ dáwọ́ dúró ní gbàrà tó bá ti di ara wọn mú. Omi púpọ̀ ló ń mú ṣínṣín rọ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, bíi èékánná ọmọdé, torí èyí tó kéré máa ń gbẹ dé inú, ó sì máa ń jókòó dáadáa sínú ìgò.

Mo ní láti sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gba iṣẹ́ ogójì ìgò, alẹ́ ni mo dín ṣínṣín náà. Mo fọwọ́ kàn án, mo rò pé ó ti tutù, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo dé e pinpin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé, mo sì rí omi tó ṣẹ́ kín-ín-kín-ín sábẹ́ ìdérí bí ìrì. Mo jẹ ẹyọ kan, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì. Ogójì ìgò ni mo tú jáde, tí mo tún yan gbogbo rẹ̀ nínú ààrò lọ́jọ́ kan náà. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ìgò kan dán an wò ná: mo máa dé e fún wákàtí méjì, kí n wá wo abẹ́ ìdérí. Tó bá gbẹ, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ tẹ́ tiyín sórí tíréè, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá máa ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an níbí yìí.

Ata gígún rọrùn. Ẹ sá ṣọ̀mbọ̀ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ tí yóò kán, ẹ yan edé díẹ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ, ẹ fi atalẹ̀ gbígbẹ àti iyọ̀ sí i, kí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ má fi irú tútù sí i. Ẹ̀rọ ìlọta máa ń mú un gbóná, nítorí náà kó kọ́kọ́ tutù lórí bébà.

Kí ó má bàa dà bíi ohun yẹpẹrẹ, ẹ bẹ àwọn télọ̀ àdúgbò yín kí wọ́n fún yín ní àjákù àǹkárá. Ẹ dojú abọ́ kan tó fẹ̀ ju ìdérí lọ dé orí aṣọ náà, ẹ fi báírò yí i ká, ẹ gé e, ẹ fi bo ìdérí, kí ẹ fi ìko dì í lọ́rùn. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sára ìgò, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀pà àti edé kò bá ara àwọn kan mu rárá, ó sì lè la ẹ̀mí lọ, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Ní ti Òṣogbo, ata gígún ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí màmá, torí kò ní rún lọ́nà bíi ṣínṣín. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sí ẹnu ìgò kí ẹ tó dé e, ẹ fi bébà ìròyìn àtijọ́ wé e nípọn, kí ẹ gbé e sí àárín aṣọ nínú báàgì, lóòró. Ẹ kọ ọ́ sí i pé ata ni, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí i má lọ fimú fín in.