Peugeot 504 bàbá mi: ṣé ó lè di ọkọ̀ eré ayé àtijọ́?

Ìbéèrè

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Kétu ilẹ̀ Benin. Nígbà tí bàbá wa papòdà, Peugeot 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n ń wà kù sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti rìn gbẹ̀yìn. Bẹntiróòlù ló ń lò, kábúrétọ̀ ló sì ní. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ rálì tó ń sáré lórí ilẹ̀ pupa láyé ọjọ́un, àwọn tó ní iná ńlá mẹ́rin níwájú. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi sọ 504 yìí di irú wọn nílé. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń ṣẹ́kù fún mi lọ́sẹ̀, owó oṣù olùkọ́ ni mo sì ń ná. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí n tún un tò. Òmíràn ní kí n lọ wá ẹ́ńjìnnì V6, ìyẹn onísìlíńdà mẹ́fà, sí i. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ má tú u palẹ̀. Ẹ má sì wá V6 kankan. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọkọ̀ ló mú àwọn ọ̀rẹ́ yín sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo 504 tí mo ti rí tó jẹrà sínú ọgbà, láti Àjàṣẹ́ níbí dé Sákétẹ́ àti Pobè, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ èyí tí ẹnì kan tú pátá tí owó tàbí àyè kò sì gbà á láti tò padà.

Ohun tó sọ àwọn ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ràn yẹn di olókìkí ni pé wọ́n máa ń dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ wo eré Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 1963, ọkọ̀ 7 péré ló parí rẹ̀. Lọ́dún 1968, ọkọ̀ 7 náà ló tún parí. Nick Nowicki ló gba ipò kìíní lọ́dún méjèèjì, Peugeot 404 ló sì wà. Bert Shankland fi 404 gbà á lọ́dún 1966 àti 1967. Nígbà tó di 1975, 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin ni Ove Andersson fi gbà á, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀, bíi ti bàbá yín. Lápá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, eré Bandama ti Côte d'Ivoire le débi pé lọ́dún 1972 kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò kú sójú ọ̀nà ló ń borí. Lóòótọ́ ni V6 wà nínú ìtàn náà, torí òun ni Jean-Pierre Nicolas fi gba Safari lọ́dún 1978, ṣùgbọ́n inú 504 onílẹ̀kùn méjì nìyẹn wà. Bí ẹ bá fi sínú tiyín, ẹ ó tún wá jíà tó bá a mu, ẹ ó pààrọ̀ rédíétọ̀, ẹ ó gé irin ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ẹ́ńjìnnì kò sì ní bá ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu mọ́. Owó agbára pọ̀. Owó ìfaradà kò tó bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló sì yẹ ọkọ̀ yín.

Nípa àkókò, òfin kan ni mo máa fún yín. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá ti kọ́kọ́ rìn, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ Àbámẹ́ta kankan ṣú kó má lè rìn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ kò ní ṣí ohun tí ẹ kò lè dé kí ẹ tó lọ sílé lọ jẹun alẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páńpù omi, ẹ ra á kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé èyí tí ẹ rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lára ọkọ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n jọra. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun gbogbo kí ẹ tó tú u. Bóòtì tí ẹ bá tú, inú ọ̀rá ni kó wọ̀, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára. Iṣẹ́ tó bá ju ààbọ̀ ọjọ́ lọ, àsìkò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi í sí.

Ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni ìpẹtà. 504 kò ní férémù lábẹ́, irin ara rẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù. Tí irin yẹn bá ti jẹrà, kò sí ohun tí ẹ́ńjìnnì tuntun máa ṣe. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú gbé wọ inú irin, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi ìdí sukuréfà kàn án kíkankíkan. Irin tó le máa ń dún gan-an, irin tó ti jẹrà kì í dún, nígbà míì ó máa ń wọlé. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú, torí mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ masítíìkì, ìyẹn ohun rírọ̀ tó ń gan, tí tolíyè, ẹni tó ń tún irin ara ọkọ̀ ṣe, fi bo ihò. Ihò abẹ́ ilẹ̀kùn ṣeé tún ṣe, tolíyè tó mọ iṣẹ́ lè gé e kó jó irin tuntun sí i. Ṣùgbọ́n tí ibi orí ṣọ́ọ̀kì bá ti jẹrà káàkiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn sinmi, kí ẹ wá òmíràn. Ohun tó ń fún mi nírètí ni pé Kétu lẹ wà. Afẹ́fẹ́ òkun àti ọ̀sà tó ń jẹ irin níbí àti ní Kútọnu kò dé ọ̀dọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀. Ewé máńgòrò tó rà sí abẹ́ gíláàsì iwájú ni kí ẹ bẹ̀rù jù, ó máa ń di omi mú síbẹ̀.

Bíréèkì ló kàn, òun sì ni owó àkọ́kọ́ máa wọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó ní tirẹ̀. Òróró bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tó ti wà nínú páìpù láti ọdún pípẹ́ á ti lómi púpọ̀, bó bá sì gbóná, omi yẹn á hó, ẹsẹ̀ yín á sì wọlẹ̀ láìsí ohun tó dá ọkọ̀ dúró. Ẹ fà á jáde tán, kí ẹ fi òróró bíréèkì tuntun tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára sí i. Ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà rẹ̀, ì báà dán lójú. Ó máa ń wú nínú láìjẹ́ pé ẹ rí i lóde. Táyà náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó, ẹ má tìtorí owó fi irú rẹ̀ sáré.

Ó wá ku ẹ́ńjìnnì. Ẹ má kàn fi bátírì sí i kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá fi sípánà yí i lọ́wọ́ láti iwájú. Bó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ fa bẹntiróòlù àtijọ́ jáde nínú táńkì, ẹ fọ kábúrétọ̀, ẹ pààrọ̀ òróró, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bátírì. Bí kò bá yí, ẹ má fi agbára mú un.

Ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí tó ń pa á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i. Aluminiọ́ọ̀mù ni orí rẹ̀, èyí tí àwa níbí ń pè ní kúlásì. Ihò tí písítìnnì ń rìn nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Ṣemíìsì ni, irin tó ṣeé fà yọ, tí omi rédíétọ̀ yí ká tààrà. Rọ́bà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tín-ínrín ló dí ìdí rẹ̀, kúlásì tó wà lókè ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí kúlásì, kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹnì kan bá wá yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà, písítìnnì á gbé ṣemíìsì sókè díẹ̀, ìdí rẹ̀ á ṣí, omi á sì máa wọ inú òróró. Wọ́n á dé e padà, ọkọ̀ á sì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òróró á funfun, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì 504 kò dára. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣí kúlásì, ẹ fi bóòtì àti wáṣà ńlá di ṣemíìsì mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yí ohunkóhun. Kí ẹ sì tó ronú àtiṣí i rárá, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá súnmọ́ ara wọn, ẹ fi kúlásì sílẹ̀. Omi lásán kò sì yẹ rédíétọ̀ rẹ̀, ó máa ń jẹ aluminiọ́ọ̀mù. Ẹ ra omi rédíétọ̀ gidi.

Eruku pupa ojú ọ̀nà yín ń jẹ ẹ́ńjìnnì ju eré lọ. Ẹ wo gbogbo rọ́bà tó wà láàárín àpótí fílítà afẹ́fẹ́ àti kábúrétọ̀. Bó bá ya níwọ̀n ìkáńdù, eruku á wọlé, á máa ha ṣemíìsì. Kpayo náà, ìyẹn bẹntiróòlù ẹ̀bá ọ̀nà, bí ẹ bá ń rà á, ẹ jẹ́ kó tòrò kí ẹ tó dà á sínú táńkì, kí ẹ sì fi fílítà tí ojú ń rí inú rẹ̀ sẹ́nu páìpù.

Nípa ibi tí ẹ ti máa rí páàtì: ilé-iṣẹ́ Kàdúná ní Nàìjíríà to 504 fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1975, ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀ ṣì fi wà ní ọjà Ládípọ̀ nílùú Èkó tí ó sì ń gba Ìgólò wọ ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí ti bíréèkì, tuntun ni kí ẹ rà. Ohun tó bá jẹ́ irin lásán, ìyẹn ilẹ̀kùn, jíà, kúlásì tí kò tẹ̀, ẹ lè ra àlòkù. Bí ẹ bá rí 504 takisí ẹlẹ́rù tó ti kú, ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀ lè wúlò fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má ra ìdí ẹ̀yìn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá gòkè dá sọ̀. Ti ẹlẹ́rù, ọ̀pá kan ló so méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ìta rẹ̀, tí í ṣe ohun tí ojú yín ń wá, ló máa rọrùn jù. Irin ààbò tó nípọn tó mílímítà 3 tàbí 4 lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ihò tí òróró máa gbà jáde, ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wẹ́dà ṣe. Lẹ́yìn náà, rọ́bà tó ń dá ẹrọ̀fọ̀ dúró lẹ́yìn táyà. Iná mẹ́rin tí ẹ fẹ́, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ wáàtì 55, àpapọ̀ wọn jẹ́ 220. Lórí bátírì fóòtì 12, ó ju áńpù 18 lọ. Bí ẹ bá gba iná yìí kọjá nínú súwíìṣì ọkọ̀ lásán, á jó. Wáyà tó nípọn ni kí ó ti ara bátírì wá, kí fíúsì wà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ fi rìléè, ìyẹn súwíìṣì oníná tó lè gbé iná ńlá, gbé e; kí súwíìṣì kàn máa pàṣẹ fún rìléè.

Àwọn kan á sọ pé ọkọ̀ eré kò pé láìsí irin páìpù nínú tó ń gba orí là bí ọkọ̀ bá ṣubú. Fún ọkọ̀ tí ẹ ó máa wà lójú títì, mi ò fọwọ́ sí i. Orí tí kò dé akoto máa ń gbá irin yẹn nínú ìjàǹbá kékeré, páìpù omi tí wẹ́dà sì máa ń lò máa ń tẹ̀ tàbí kó ya. Òfin FIA, àjọ eré ọkọ̀ àgbáyé, béèrè páìpù tí kò ní ojú jíjó, tó fẹ̀ tó mílímítà 45 tó sì nípọn tó 2.5, tàbí 50 tó nípọn tó 2, fún ọ̀pá tó ṣe pàtàkì jù. Bẹ́líìtì ìjókòó tó dára ni kí ẹ fi owó yẹn rà. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni díje lójú ọ̀nà Pobè, àwọn ìyá wa tó ń bọ̀ lọ́jà àti ọlọ́kadà ló ni ọ̀nà yẹn pẹ̀lú yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ kò béèrè. Orúkọ bàbá ló ṣì wà lórí káàdì gíríìsì, ìyẹn ìwé ọkọ̀. Ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín jókòó kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí wọ́n gbà pé ọkọ̀ náà di tiyín, kí ẹ fi sínú ìwé, kí ẹ sì yí orúkọ padà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tún ọkọ̀ òkú ọ̀run ṣe tán tí ìjà ogún sì tì í mọ́ inú ọgbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ CNSR, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà, pẹ̀lú ohun tí wọ́n á gbà àti ohun tí wọn kò ní gbà nígbà àyẹ̀wò ọkọ̀, pàápàá nípa iná wọ̀nyẹn.

Ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ gbá ewé máńgòrò yẹn kúrò, ẹ ya àwòrán ibi orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì àti ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ra ohunkóhun.