Ọjọ́ ìsinmi nínú ìrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀: ẹ kọ ọ́ sínú ètò kí ẹ tó gbéra

Ìbéèrè yín ni pé nínú ìrìn-àjò ọlọ́sẹ̀ méjì tí ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, ṣé ó yẹ kí ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìsinmi, àbí kí ẹ máa rìn lójoojúmọ́ kí ẹsẹ̀ má baà gan. Ẹ sinmi. Ẹ tilẹ̀ kọ ọjọ́ ìsinmi náà sínú ètò yín kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí ara bá ní òun ò lọ mọ́ kó tó sinmi, ọjọ́ kan kì í sábà tó o mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé àpò rìn, ẹsẹ̀ mi àti ẹsẹ̀ àwọn tí a jọ rìn ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Gbogbo ẹ̀yà ara kọ́ ló ń tètè mọ́ iṣẹ́ bákan náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, mímí á ti rọrùn díẹ̀, ẹran itan á ti gbà pé òkè ni a ń gùn, okùn àpò á sì ti mọ́ èjìká lára. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó so ẹran mọ́ egungun lọ́ra ju ẹran lọ, egungun fúnra rẹ̀ pàápàá kì í kánjú: bí ẹrù bá pọ̀ sí i lórí rẹ̀, ara a máa kọ́kọ́ họ díẹ̀ kúrò lára èyí tó wà níbẹ̀ kó tó mọ tuntun dípò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ń gbà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń rìn fi lè rò pé òun ti lágbára tán, nígbà tí egungun ojúgun tàbí ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àtúnṣe, tí kò sì ṣòro fún un láti sán. Àsìkò yẹn gan-an ni mo sì sábà máa ń rí i tí àwọn ènìyàn ń fi kìlómítà kún ìrìn wọn, tí wọ́n ń yọ ọjọ́ ìsinmi kúrò nínú ètò.

Ẹnì kan tí a jọ ń rìn nígbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ gígùn kan, ṣùgbọ́n ó ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí a dé etí odò, mo ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Iwájú ojúgun rẹ̀, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ọrùn ẹsẹ̀, ti wú. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò lé ibẹ̀ tó sì ń gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò, mo ń mọ̀ ọ́n lábẹ́ ọwọ́ mi bí iṣan náà ṣe ń ha bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni a pàgọ́ sí. Odidi ọjọ́ méjì ló fi ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù lemọ́lemọ́, ó dẹ okùn bàtà rẹ̀ níbi tó ti ń fún iṣan náà, nígbà tí a sì tún gbéra, a pín lára ẹrù rẹ̀ láàárín ara wa. Ó rin ìrìn náà parí.

Ní ti ìgbà tó yẹ kí ẹ sinmi, mo fara mọ́ kí ìsinmi àkọ́kọ́ tètè dé, bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí èkejì sì wá lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ wo máàpù yín, kí ẹ fi ọ̀kan nínú wọn sí ẹ̀yìn ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ jù, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ máa ń ba ẹran itan jẹ́ ju gígun òkè lọ: ṣe ni ẹran náà ń nà bó ṣe ń tiraka láti dá ara dúró. Ríro tó ń tẹ̀ lé e sábà máa ń le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, nítorí náà bí ẹ bá jí lọ́jọ́ ìsinmi tí ara sì ro yín ju ti àná lọ, ẹ má ṣe rò pé ìsinmi ló fà á. Bí àyè ọjọ́ kan kò bá sí, ẹ rin wákàtí méjì tàbí mẹ́ta péré láàárọ̀ dé ibi tí omi wà, kí ẹ sì fi ìyókù ọjọ́ náà sinmi. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Bí ọ̀nà yín bá gòkè kọjá 3,000 mítà, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni ìsinmi wà fún níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà òkè gíga máa ń fúnni ni pé kí ibi tí ẹ ó sùn má ṣe fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná, kí ẹ sì fi òru kan kún un lójú kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn tó ń lọ sí ẹsẹ̀ òkè Everest ní Nepal sábà máa ń sun òru méjì ní Namche Bazaar, tó wà ní nǹkan bí 3,440 mítà. Wọ́n á gòkè díẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á sì padà sísàlẹ̀ wá sùn. Ṣùgbọ́n bí orí fífọ́ bá ń le sí i, tí ènìyàn ń bì, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó ṣe ń rìn, kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ pé òun ń sinmi. Kó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá.

Ẹsẹ̀ gígan tí ẹ ń bẹ̀rù, jíjókòó lójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ẹ rìn díẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láìgbé ẹrù, bí ogún ìṣẹ́jú, ó ti tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìsun omi tó wà ní wákàtí mẹ́ta sí ibùdó tàn yín lọ. Ẹ fi oúnjẹ odidi ọjọ́ kan kún ẹrù yín nítorí ọjọ́ yìí, torí ebi rẹ̀ le, ó sì ń gba bí ọjọ́ kan tí ènìyàn jẹ oúnjẹ afúnnilágbára dáadáa kí agbára tí ẹran ara ti ná tó padà bọ̀ sípò. Ẹ fọ ìbọ̀sẹ̀, nítorí iyọ̀ òógùn tó bá gbẹ sínú rẹ̀ a máa yún awọ ẹsẹ̀ títí yóò fi lé ròrò, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ẹsẹ̀ náà títí tí yóò fi gbẹ dáadáa. Àtúnṣe àpò àti sísá àpò ìsùn kò gba àkókò.

Bí ọjọ́ tí wọ́n fún yín níbi iṣẹ́ kò bá pọ̀, ọ̀nà ni kí ẹ gé kúrú, ẹ má ṣe yọ ọjọ́ ìsinmi. Kí ẹ sì fi àmì sí àwọn ibi tí ẹ lè gbà jáde lórí máàpù, nítorí ìrora kan wà tí ìsinmi ọjọ́ kan kò ràn: èyí tó wà lójú kan ṣoṣo lórí egungun, tí ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí, tó sì ń jí yín lójú oorun. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ gba ọ̀nà tó yá jù lọ jáde, kí dókítà wò ó.