Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ìwẹ̀fà, Àánú Ọlọ́run àti Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kó Má Wá Ṣọ́ọ̀ṣì Mọ́

Lóṣù tó kọjá mo kọ ọ́ síbí pé kò yẹ kí ìjọ lé ẹnikẹ́ni jáde torí pé kò dà bí ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n ń retí. Há, lẹ́tà wá o! Àwọn kan gbàdúrà fún mi, àwọn kan gbàdúrà lé mi lórí. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, mo gé wọn kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ tí mo bí lọ́kùnrin ló pè mí jókòó, ó ní àti kékeré lòun ti mọ̀ nínú ara òun pé òun kì í ṣe ọkùnrin. Ọmọ yìí ò jalè, kò purọ́ fún mi rí, inú ẹgbẹ́ akọrin ló dàgbà sí kó tó di pé wọ́n ní kó má wá mọ́. Alàgbà kan wá ń sọ fún mi pé irú ẹ̀ ò sí nínú Bíbélì rárá, pé Ọlọ́run ò mọ irú wọn. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Akọrin

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra, Mà. Ibì kan wà tí alàgbà yẹn ti gbìyànjú, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fún un níyẹn. Trans, ìyẹn ẹni tó mọ̀ nínú ara ẹ̀ pé òun kì í ṣe akọ tàbí abo tí wọ́n pe òun nígbà tí wọ́n bí i, bí àwọn dókítà àti aráyé ṣe ń sọ ọ́ lónìí, Bíbélì ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ ní tààrà, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ó sọ ọ́, yálà láti dá a láre ni o tàbí láti dá a lẹ́bi, ń bù mọ́ ọn ni. Àmọ́ kéèyàn wá ti ibẹ̀ bọ́ sí "Ọlọ́run ò mọ irú wọn", ọ̀nà jìn gan-an, torí Bíbélì kún fún àwọn èèyàn kan tí aráyé ò mọ ibi tí wọn ó tò wọ́n sí, tí wọn ò kà wọ́n mọ́ ọkùnrin, tí wọn ò sì kà wọ́n mọ́ obìnrin. Ìwẹ̀fà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ìwẹ̀fà lẹni tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ààfin ọba ló sábà máa ń ṣiṣẹ́, kò lè bímọ, nílẹ̀ Ísírẹ́lì ìgbà yẹn sì rèé, ọmọ ló ń gbé orúkọ èèyàn ró lẹ́yìn ikú. Deutarónómì 23:1 wá tilẹ̀kùn pátápátá, ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ ìjọ Olúwa. Òfin ni, ó wà níbẹ̀, mi ò lè fi ọwọ́ bò ó. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wọ ilé ọba fúnra ẹ̀, torí nínú Aísáyà 39 wòlíì sọ fún Ọba Hesekáyà pé wọ́n á kó nínú àwọn ọmọ tó ti ara ẹ̀ jáde, wọ́n á sì di ìwẹ̀fà láàfin ọba Bábílónì.

Ẹ wá ṣí Aísáyà 56, inú ìwé kan náà. Ìwẹ̀fà ń sọ nípa ara ẹ̀ pé igi gbígbẹ lòun. Ọlọ́run ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní ìwẹ̀fà tó bá pa ọjọ́ ìsinmi òun mọ́, tó yan ohun tó wu òun, tó di májẹ̀mú òun mú, òun á fún un ní ipò nínú ilé òun, nínú odi òun, òun á sì fún un ní orúkọ tó dára ju ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè ké kúrò. Mà, ẹ kíyè sí ohun tó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo Ísírẹ́lì náà ni. Kò ní kó lọ wá ara míì wá kó tó wọlé.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Ebedi-Mélékì, mi ò sì mọ ìdí tí a kì í fi í gbọ́ ìwàásù nípa ẹ̀. Ó wà nínú Jeremáyà 38. Ará Kúṣì ni, àjèjì, ìwẹ̀fà nílé Ọba Sedekáyà. Àwọn ìjòyè ti ju Jeremáyà wòlíì sínú kànga gbígbẹ kan tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ nìkan ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, wòlíì ń rì, ebi ló máa pa á síbẹ̀, àwọn olórí sì mọ̀, wọ́n dákẹ́. Ìwẹ̀fà yìí ló lọ bá ọba níbi tó jókòó sí lẹ́nu ibodè, lójú gbogbo èèyàn, ó ní ohun tí àwọn ọkùnrin yìí ṣe burú. Ọba gbà. Ohun tó tẹ̀ lé e gan-an ló máa ń mú mi: ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìṣúra, ó kó àkísà àti aṣọ gbígbó, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Jeremáyà, ó ní kó tẹ́ ẹ sí abẹ́ abíyá kí okùn má bàa bó o lára tí wọ́n bá ń fà á. Ta ló rán an ní àkísà? Ẹni tó bá fẹ́ yọ èèyàn nínú kànga, okùn tó o, àmọ́ ẹni tó mọ bí ìrora ara ṣe ń rí ló máa ronú kan àkísà. Ní orí 39, tí Jerúsálẹ́mù ti fẹ́ ṣubú, Ọlọ́run ránṣẹ́ sí i pé idà ò ní pa á, torí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé òun.

Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ń bá yín sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ yín kàn ń wá ẹni tó máa ṣàánú òun ni, ẹ rántí pé ìwẹ̀fà ló ṣàánú wòlíì.

Ẹ tún ka Ìṣe 8. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà, ìjòyè Kandákè ọbabìnrin, òun ló ń ṣọ́ gbogbo owó ẹ̀, ó ti lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù, ó ń padà lọ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó ń ka Aísáyà, ibi tó dé ni ibi tí a ti ń pè ní orí 53 lónìí, ti ẹni tí wọ́n fà bí àgùntàn lọ fún pípa, tí wọ́n gé kúrò ní ilẹ̀ alààyè. Kó ṣáà máa yí ìwé náà síwájú díẹ̀ sí i, ó máa bá igi gbígbẹ pàdé. Ẹ̀mí ló rán Fílípì sí i. Wọ́n dé ibi omi, ó ní omi rèé, kí ló ń dá mi dúró láti ṣèrìbọmi? Fílípì ò sọ pé ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n wo Deutarónómì 23. Àwọn méjèèjì ló jọ sọ̀kalẹ̀ sínú omi.

Ẹni tó bá ń bá mi jiyàn á sọ pé ara ìwẹ̀fà ni wọ́n ṣe ní nǹkan, ti ọmọ yín sì jẹ́ ohun tó ń sọ nípa ara ẹ̀, pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó tọ́, kì í ṣe ọ̀kan náà. Mi ò sọ pé ìwẹ̀fà túmọ̀ sí trans. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí òfin fúnra ẹ̀ tì síta nítorí bí ara ẹ̀ ṣe rí, Ọlọ́run ló dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún un, ta ni èmi tàbí alàgbà wá jẹ́ tí a ó fi lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn ọ̀hún?

Ìbéèrè: Àǹtí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àánú yín ti pọ̀ jù. Jẹ́nẹ́sísì 1:27 ní akọ àti abo ló dá wọn. Deutarónómì 22:5 ní kí obìnrin má wọ ohun ọkùnrin, kí ọkùnrin má wọ aṣọ obìnrin, ìríra ni. Kí ló tún kù tí ẹ ń wá? — Díákónì

Ìdáhùn: Díákónì wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀sùn pé àánú pọ̀ jù yẹn, Jónà ti fi kan Ọlọ́run rí, inú bí i nítorí pé Nínéfè ò pa run, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run aláàánú ni, ìdí tí òun ṣe sá lọ nìyẹn. Ọlọ́run bi í bóyá kí òun má káàánú ìlú tó ní èèyàn tó lé ní 120,000, àti ẹran ọ̀sìn púpọ̀. Ó tiẹ̀ rántí màlúù.

Ó dáa, Jẹ́nẹ́sísì 1:27. Jésù fúnra ẹ̀ kà á jáde nínú Mátíù 19:4 nígbà tí àwọn Farisí bi í nípa ìkọ̀sílẹ̀, kò yí i padà. Àmọ́ ẹ má pa Bíbélì dé síbẹ̀, ẹ lọ sí ẹsẹ 12, orí kan náà, ìjókòó kan náà, ó ní àwọn ìwẹ̀fà wà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ láti inú ìyá wọn, àwọn kan wà tí èèyàn sọ dì bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì sọ ara wọn dì bẹ́ẹ̀ nítorí ìjọba ọ̀run. Ẹnu tó sọ akọ àti abo náà ló sọ èyí, kò sì bú ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ níbẹ̀ jẹ́ nípa àìgbéyàwó, èmi náà gbà. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé wọ́n wà, ó sì fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ níbi tí ẹlòmíì á ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Ti Deutarónómì 22:5, àwọn tó ti ń kà á tipẹ́ ò fẹnu kò. Rashi, olùkọ́ Júù ní Faransé (1040 sí 1105), ní ohun tí wọ́n ń dènà ni kí èèyàn má wọṣọ bẹ́ẹ̀ láti yọ́ wọ àárín àwọn ẹlòmíì lọ ṣe panṣágà. Maimonides, olùkọ́ Júù míì (1138 sí 1204), so ó mọ́ ìbọ̀rìṣà àwọn kèfèrí ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ Kristẹni sì wà lónìí tí wọ́n gbà pé òfin ìwà ni, pé ó ṣì dúró, àwọn náà kì í ṣe òmùgọ̀, mi ò sì ní bú wọn. Àmọ́ orí 22 yẹn kan náà ló ní kí ẹ má wọ aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ hun pọ̀ o, Díákónì, kí ẹ lọ yẹ ara aṣọ ìjáde yín wò.

Ìbéèrè mi sí yín ni èyí: ká tiẹ̀ gbà pé bí ẹ ṣe kà á ló rí, ẹsẹ wo ló ní kí ẹ fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹ yọ ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí ẹ gba òbí ẹ̀ níyànjú pé kó lé e jáde nílé? Mo ti wá a. Mi ò rí i.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn ìjọ ńlá ń sọ gan-an? Mo jẹ́ trans, mo fẹ́ ṣèrìbọmi, ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè.

Ìdáhùn: Ohùn wọn ò ṣọ̀kan, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́. Ní 31 oṣù kẹwàá 2023, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ní Vatican dá bíṣọ́ọ̀bù kan láti Brazil lóhùn pé ẹni tó jẹ́ trans lè ṣèrìbọmi, kódà tó bá ti gba oògùn hòmóònù tàbí tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ní dá rúkèrúdò tàbí ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́. Póòpù Francis fọwọ́ sí i. Àmọ́ ní oṣù kẹrin 2024, ọ́fíìsì kan náà gbé ìwé *Dignitas Infinita* jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ta ko yíyí ara padà láti akọ sí abo tàbí abo sí akọ, wọ́n kàn yọ àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ara tí ò hàn gbangba bóyá akọ ni tàbí abo sọ́tọ̀ pé wọ́n lè gba ìtọ́jú. Ìjọ Áńgílíkà ti England ní tiwọn gbé ìlànà jáde ní oṣù kejìlá 2018 lórí bí àlùfáà ṣe lè lo ìsìn ìmúdúró ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi fún ẹni tó ti yí padà. Àwọn Southern Baptist, ẹgbẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní 2014, ní akọ àti abo tí Ọlọ́run dá ni àwọn dúró lé, wọn ò fara mọ́ yíyí padà, àmọ́ inú ìpinnu kan náà ni wọ́n ti dá fífìyà jẹ àwọn trans lẹ́bi, wọ́n sì ní kí ìjọ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ ìyìn rere.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Níbi àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ ní Nísíà ní 325, òfin tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ gan-an, ìwẹ̀fà ló dá lé: àlùfáà tí dókítà tẹ̀ lọ́dàá nítorí àìsàn, tàbí tí àwọn ọ̀tá tẹ̀ lọ́dàá, kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tí ara ẹ̀ le tó wá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, kó kúrò lórí oyè. Àwọn Júù náà, nínú Míṣínà, ìwé òfin àtẹnudẹ́nu wọn tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, jókòó ro ẹjọ́ ẹni tí ara ẹ̀ ní àmì akọ àti abo papọ̀, ibi tó ti dà bí ọkùnrin nínú òfin, ibi tó ti dà bí obìnrin, ibi tí kò ti jọ ìkankan. Èyí tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọ́n fara balẹ̀ jókòó rò ó.

Ìwọ lọ béèrè. Tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́ láti lọ nìkan, mú ẹnì kan tó gbọ́n dání, kí o sì bi àlùfáà náà ní ojúkojú: "Kí ló ń dá mi dúró?" Jẹ́ kó fèsì.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ti yí orúkọ padà, màmá wa ní ẹni tó bá pè é ní orúkọ tuntun yẹn ti dẹ́ṣẹ̀. Kí ni kí n máa pè é?

Ìdáhùn: Ẹsẹ kan ò sí tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ábúrámù di Ábúráhámù, Sáráì di Sárà, Jákọ́bù di Ísírẹ́lì, òótọ́ ni pé Ọlọ́run ló yí tiwọn, ìyẹn yàtọ̀, kí màmá má lọ fi ìyẹn mú ẹ. Pè é ní orúkọ tó ní kí o pe òun. Tí o bá wà níwájú màmá tí ìjà sì fẹ́ ṣẹlẹ̀, "àbúrò mi" ṣáà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà lórí ìyẹn. Kí o sì bá màmá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, lọ́tọ̀, nígbà tí inú ẹ̀ bá ti rọ̀, kì í ṣe lójú àbúrò ẹ.