Èsì: Ẹ mú ọmọ yín lọ síbi eré ìrántí Majek Fashek

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ béèrè bóyá ọmọ yín, ọmọ ọdún 12 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá, lè bá yín lọ síbi eré ìrántí Majek Fashek, olórin tó ti dolóògbé, ní Adó-Èkìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un lọ. Mo wà níbi èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí iná lọ láàárín “Send Down the Rain”, orin tí olóògbé náà gbé jáde ní 1988, èrò kò dákẹ́. Ńṣe ni wọ́n kọ ọ́ parí nínú òkùnkùn, tí onígìtá sì ń ta gìtá rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ, débi pé mo gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń ha okùn. Omi bọ́ lójú mi. Régè ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pe orin Majek, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sí gìtá rẹ̀ yóò gbọ́ rọ́ọ̀kì níbẹ̀ ketekete.

Ẹ jókòó sí apá ibi tí onígìtá wà, kí ọmọ lè rí ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nítorí etí rẹ̀. Ẹ sì ti bá onítakisí tí yóò gbé yín padà sí Ìkéré sọ̀rọ̀ ṣáájú.